Àjà Èéfín tí Ọdẹ́yalé Kọ́

Ọdẹ́yalé mọ ohun tí èéfín lè ṣe. Ìdí iná ni ìyá rẹ̀ ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, epo ló ń sè, kí ewú sì tó gba orí rẹ̀ tán ni èéfín ti fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí Ọdẹ́yalé wá fẹ́ Àyìnkẹ́, tí ìyàwó bọ́ sídìí ìkòkò epo náà, ìgbàkúùgbà tó bá ti jáde ní ilé ìdáná, tó ń fi etí aṣọ nu ojú pípọ́n, àyà ọkọ rẹ̀ a já. Ó fẹ́ràn ojú náà ju bó ṣe lè fẹnu sọ lọ.

Nígbà tí Àyìnkẹ́ lọ bí àkọ́bí rẹ̀ nílé ìyá rẹ̀, bí àṣà wọn, Ọdẹ́yalé rí àyè. Ó la ọparun, ó hun ún bí apẹ̀rẹ̀ ńlá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀ kí iná má baà ràn án, ó sì dá ògiri lu kí èéfín lè gba ibẹ̀ jáde. Ó pè é ní àjà èéfín. Ibi tí yóò gbé e kọ́ sí ló wá di wàhálà. Nígbà tó kọ́ ọ sókè, èéfín yà fún un, ó kún gbogbo ilé. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Níkẹyìn, ó jókòó sórí àpótí ìyàwó rẹ̀, ó rí i pé àjà ò kan òun lórí, èéfín sì ń wọ inú rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní ó parí. Kò rántí pé ẹni tó ń se epo kì í jókòó pẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn igi tó gbé àjà dúró gùn ju ìyókù lọ, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó yọ síta. Ìyá arúgbó ń fọwọ́ wá ọ̀nà kọjá, ọwọ́ rẹ̀ bà á.

"Ọdẹ́yalé, igi yìí ṣe déédéé ojú ẹni tó bá dìde. Gé e."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Ojú Àyìnkẹ́ mú, yóò rí i."

"Ojú tèmi náà mú rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ní òun á gé e lọ́la. Lọ́la dé, iṣẹ́ oko pè é. Ọ̀túnla, òjò ò jẹ́. Igi ò kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ tí Àyìnkẹ́ dé, ó gbé ọmọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì sáré lọ dáná sábẹ́ ohun tuntun náà. Ọdẹ́yalé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ò pa dé. Èéfín rú, ó wọ inú àjà, ó bá ihò ògiri lọ. Àyìnkẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Bàbá Àjọkẹ́! Ẹ wá wò mí o, omi kankan ò sí lójú mi!"

Ó fò dìde, ó ń yíjú bọ̀ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Níbi tí Ọdẹ́yalé dúró sí, ó rí igi náà gbọọrọ láti ìdí dé ẹnu. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n igi ti ṣáájú ohùn rẹ̀.

Wọ́n ṣe ìtọ́jú títí, ojú ọ̀tún fọ́ náà ni. Ọdẹ́yalé gé igi ọ̀hún wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì jókòó ti èérún rẹ̀, ó ń sunkún.

Àyìnkẹ́ ò bú u. Ó kàn ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé, "Ó wà níwájú mi gan-an, mi ò rí i. Ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ nìkan ló kọjú sí mi, kò ju eṣinṣin lọ."

"Èmi rí i láti ẹnu ọ̀nà," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ìyá arúgbó gbé ọmọ mọ́ àyà. "Ọjọ́ tí o kọ́ ọ ló yẹ kí o ti rí i, ọmọ mi."

Ọdẹ́yalé gbé àjà sókè dé ibi tó yẹ kó wà, ojú kan tó kù ò sì pọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, Àyìnkẹ́ a dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, a gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, a wo gbogbo inú ilé, a ní, "Igi gogoro, má gún mi lójú." Ẹ̀yìn náà ni yóò tó wọlé. Nígbà tí Àjọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, òun náà ń dúró ti ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó ń wí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí Ọdẹ́yalé kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ náà, ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde lọ.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: igi gogoro má gún mi lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.