Àpótí Ńlá àti Ọ̀já Òfì

Obìnrin kan wà ní ìlú àwọn ahunṣọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, ọmọ náà sì ń gbé ní òkè òkun. Ọmọbìnrin yìí bímọ. Èyí tó kọ́kọ́ bí kò dúró, nítorí náà ẹ̀rù ọmọ kejì yìí ń bà á. Bí ó bá gbé e, kíá ni í tún tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Màámi, ẹ máa bọ̀. N kò fẹ́ nǹkan kan. Ọ̀já òfì tí ẹ fi pọ̀n mí, ẹ ṣáà bá mi mú un wá. Bóyá bí mo bá fi pọ̀n ọ́n, ọkàn mi á balẹ̀."

Ọ̀já náà wà. Bàbá obìnrin náà ni ó hun ún, òwú tí ìyá rẹ̀ ran ni ó sì fi hun ún. Ó ti ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ya.

Obìnrin náà lọ ra ohun tí yóò kó ẹrù sí. Ìgbà ọyẹ́ ni. Eruku funfun bo gbogbo ọjà, àwọn àpótí tí wọ́n tò sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù dàbí ohun tí ènìyàn ń rí lójú àlá. Ọlọ́jà gbé báàgì kékeré kan sílẹ̀ fún un, fúyẹ́fúyẹ́, èyí tí a lè fi kọ́ èjìká wọ inú bàálù. Ó béèrè pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ kó gan-an?"

"Ọ̀já kan, òrí díẹ̀ tí n ó fi pa ọmọ lára, àti aṣọ mi mẹ́ta."

"Eléyìí tó yín. Àyè á tún ṣẹ́kù."

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sí ẹ̀yìn ọlọ́jà. Àpótí pupa kan wà níbẹ̀, onítáyà mẹ́rin, irin ní igun rẹ̀. Ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀. Ó ro ohun tí ará àdúgbò yóò sọ bí wọ́n bá rí i tó ń lọ sí òkè òkun pẹ̀lú ẹrù ẹni tó ń lọ sóko. Ìwọ náà mọ bí a ti máa ń ṣe. Ó ra àpótí ńlá.

Ó gbé e sí pálọ̀, ó ṣí i. Ó fi ọ̀já náà di òrí àti aṣọ rẹ̀ ní ẹrù kan, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe bó bá ń lọ sí ọjà òkèèrè. Ẹrù náà jókòó sí igun kan, gbogbo ìyókù ṣófo gbàgàdà. Gbogbo ẹni tó wá kí i pé ó dàbọ̀ ni ó rí àyè náà. Ní ilẹ̀ wa, ta ni í rìnrìn àjò tí a kì í fi nǹkan rán an? Ìyàwó télọ̀ gbé èlùbọ́ wá fún ọmọ tirẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún. Alágbàfọ̀ gbé ẹja gbígbẹ wá fún ọmọ tirẹ̀ náà. Ìyá ìjọ gbé egúsí wá, ó tún padà wá gbé ata gígún. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Kò wúwo rárá, Màmá." Òótọ́ sì ni, kò sí èyí tó wúwo nínú wọn. Àwọn àgbà ní àìlèsọ̀rọ̀ ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ orí burúkú, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ìyá ìjọ pé àpótí tó tó báyìí ti kún?

Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n gbé àpótí lé òṣùwọ̀n. Òṣìṣẹ́ mi orí, ó ní ó fi kílò mẹ́ta lé iye tí wọ́n gbà, kí Màmá yọ díẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí àpótí sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó wo èlùbọ́. Ẹni tó ni ín yóò béèrè. Ó wo ẹja. Ẹni tó ni ín yóò béèrè. Ẹrù kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè. Ó ní ṣebí aṣọ àti òrí ni, wọn á rí irú rẹ̀ rà lọ́hùn-ún. Ó gbé e fún àbúrò rẹ̀ tó sìn ín wá, ó ní, "Bá mi dá a padà sílé." Àpótí pupa yí lọ.

Nínú bàálù, ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ìkùukùu tẹ́ lọ lábẹ́ wọn bí òwú tí ìyá rẹ̀ ti gbọ̀n. Oorun ń gbé e lọ, ó ń dá a padà. Ó rí àpótí náà tó ṣí fúnra rẹ̀, gbogbo ẹrù inú rẹ̀ ń pe orúkọ ẹni tó ni wọ́n, jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń retí èyí tí yóò pe orúkọ tirẹ̀. Kò sí. Ó ta jí, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀já tú mọ́ lára. Ìgbà yẹn ni ó tó rántí ohun tó fi di ẹrù.

Nígbà tó dé ilé ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ṣí àpótí. "Ti ta nìyí, Màámi?" Ti ọmọ télọ̀. "Èyí ńkọ́?" Ti ọmọ alágbàfọ̀. Ó yọ wọ́n títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Ó ní, "Tèmi dà?" Ìyá rẹ̀ sunkún.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo àwọn tí a fi ẹrù ránṣẹ́ sí wá, wọ́n gba tiwọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Àpótí ṣófo, ó gba ìdajì yàrá. Obìnrin náà tú gèlè orí rẹ̀, ó fi pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ sùn. Ṣùgbọ́n gèlè a máa yọ̀. Ní oṣù mẹ́ta tó lò níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ni ó fi ń di ìdí ọmọ mú. Ìyá ọmọ kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Àbúrò mi, ìwọ akọ̀wé ẹgbẹ́, alága àdúgbò, ẹni tí gbogbo ìlú ń rán níṣẹ́, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọmọ rẹ obìnrin ní kí o wá jókòó ti òun lọ́jọ́ tí òun parí ẹ̀kọ́. O ní ìpàdé mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ. Gbogbo àwọn tí o lọ bá ni ì bá bínú bí o kò bá lọ. Òun nìkan ni kò bínú, òun ni o sì yọ kúrò. Ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun lọ́la, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Fi ìwé ìpàdé yẹn sílẹ̀ níbi tó wà. Dìde, ó ṣì wà nílé.