Ọ̀bọ, Ọ̀mọ̀wé Tí Gbogbo Ìlú Ń Dárúkọ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò gbọ́. Ààlọ́ mi gbéra, kò balẹ̀ sóko, kò balẹ̀ sódò, orí ọ̀mọ̀wé kan ló lọ bà lé. Orí Ọ̀bọ ni.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn ẹranko ń kọ̀wé, Ọ̀bọ ló ń wádìí ohun tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá. Kí ló dé tí ọmọ fi ń mú imú bàbá, tó tún ń mú ẹsẹ̀ ìyá? Kí ló dé tí òbí méjì tí ara wọn le koko fi ń bí ọmọ aláìsàn? Ó wo ìdílé, ó wo ìdílé, ó wo ìdílé títí irun orí rẹ̀ fi funfun.

Níkẹyìn, ó rí i. Àìsàn kan wà nílùú wọn tí wọ́n ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Òun ló pa àbúrò Ọ̀bọ ní kékeré. Ọ̀bọ rí i pé àìsàn náà lè fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ fẹ́ ẹni tó ní irú ẹ̀jẹ̀ kan náà, ọmọ wọn lè jogún rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ọ̀bọ kọ ọ́ sínú ìwé kan. Òótọ́ ni ìwé náà, ó sì yéni yékéyéké.

Kò sẹ́ni tó kà á. Ìlú ọlọ́gbọ́n ni, wọn kì í sáré sí ohun tó bá wúlò.

Ẹ jẹ́ n sọ òfin wọn fún yín. Ẹfọ̀n ni ọba wọn. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé tí àwọn ọ̀mọ̀wé yòókù bá dárúkọ rẹ̀ jù nínú ìwé wọn ni n ó dé ládé ìmọ̀."

Wọ́n ní, "Kábíyèsí, tí ìwé onítọ̀hún bá burú ńkọ́?"

Ó ní, "Ṣé ìwé ni mo ní kí ẹ kà ni? Orúkọ ni mo ní kí ẹ kà."

Ọdún yípo, wọ́n ka orúkọ. Ti Ọ̀bọ kò ju ẹyọ kan lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì dárúkọ ara rẹ̀.

Bó ṣe ń fà lọ sílé, ó pàdé Òkété àti Àgbìgbò. Ọ̀mọ̀wé làwọn náà. Òkété ń kọ̀wé lórí ihò. Àgbìgbò ń kọ̀wé lórí orí ńlá.

Òkété ní, "Ọ̀bọ, ta lo ti dárúkọ rí?"

Ọ̀bọ ní, "N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ta ni kó wá dárúkọ tìẹ?"

Ó yé Ọ̀bọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe àdéhùn, wọ́n sì fi orin dè é. Ẹ bá mi gbè é:

Bí mo bá kọ̀wé lórí ihò,
*Dárúkọ mi, n ó dárúkọ rẹ.*
Bó o bá kọ̀wé lórí orí,
*Dárúkọ mi, n ó dárúkọ rẹ.*
Bí n ò tilẹ̀ mọ ohun tó o kọ,
*Dárúkọ mi, n ó dárúkọ rẹ.*

Láti ìgbà náà ni Ọ̀bọ ti ń gé ìwé kan sí mẹ́ta. Ìwé imú dá wà, ti etí dá wà, ti ẹsẹ̀ dá wà. Ó tún rí i pé òótọ́ máa ń pẹ́ lórí iná, irọ́ kì í gba igi ìdáná rárá. Ló bá kọ ìwé ńlá kan pé, "Ẹni tí irun ara rẹ̀ bá ń dán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́." Ó fi kún un pé kí wọ́n má ka ìwé òun àkọ́kọ́ sí. Inú ìlú dùn. Òkété dárúkọ rẹ̀, Àgbìgbò dárúkọ rẹ̀, àwọn tó ń dárúkọ Òkété àti Àgbìgbò náà dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀bọ ní ọmọbìnrin kan, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí òkìkí Ọ̀bọ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, Àwẹ̀ró wá bá a.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹnìkan fẹ́ fẹ́ mi, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé fòní-kú-fọ̀la-dìde pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sì pa àbúrò tiyín náà. Kí ni kí n ṣe?"

Ọ̀bọ wo ọmọ rẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Bó bá sọ ọ́, ìlú á béèrè ìdí, ìwé ńlá á sì wó.

Ó ní, "Ṣé irun ara rẹ̀ ń dán?"

"Ó ń dán, bàbá mi."

"Ó tán."

Àwẹ̀ró lọ sílé ọkọ. Ó bí ọmọ. Eegun ń ro ọmọ náà, ẹyin ojú rẹ̀ ń pọ́n, ara rẹ̀ ń gbóná. Ọmọ náà fòní kú, ó fọ̀la dìde. Ó tún fòní kú, ó tún fọ̀la dìde. Lọ́jọ́ kan, kò dìde mọ́.

Ilé Àwẹ̀ró nìkan kọ́. Ẹkún sọ káàkiri ìlú. Àwọn ọ̀mọ̀wé bá gbé gègé. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, "Irọ́ ni Ọ̀bọ pa." Òmíràn kọ ọ́ pé, "Ọ̀bọ ló tàn wá jẹ." Òkété àti Àgbìgbò ló kọ́kọ́ kọ tiwọn, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni wọ́n.

Nígbà tó yá, ọba tún ka orúkọ. Látìgbà tí ìlú ti wà, wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó ti Ọ̀bọ rí.

Ọ̀bọ dìde pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní, "Kábíyèsí, èébú ni wọ́n ń bú mi."

Ẹfọ̀n ní, "Ṣé orúkọ rẹ wà nínú èébú náà?"

"Ó wà."

"Ẹ gbé adé wá."

Ọ̀bọ gbé adé délé. Ó bá Àwẹ̀ró níbi tó ti ń di ẹrù tó kù síbẹ̀.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, wọ́n dé mi ládé."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Ẹ kú oríire, ọ̀mọ̀wé."

Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ. Títí Ọ̀bọ fi kú, kò pè é ní bàbá mọ́.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ẹnu tó ń pe orúkọ ẹni ló ń súre fún ni, àti pé ẹni tó bá ta òótọ́ nítorí òkìkí, ilé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ọba tó ń ka orúkọ tí kì í ka ìwé, ẹ má wò mí o, ayé àtijọ́ ni mo ń sọ.

Ibí yìí ni ààlọ́ mi gúnlẹ̀ sí.