Kókó Tí Ìjàpá Tú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà Erin, kò yà. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ẹkùn, kò kí i. Ó yí, ó yí, ó wá fẹ̀yìn ti ògiri Ìjàpá. Ẹ̀yin ọmọ, kí ni a kọ sára ilé onílé, tí gbogbo àlejò ń kà á, tí onílé fúnra rẹ̀ kò lè kà á láyé? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ná.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Kì í ṣe ọ̀dá kékeré. Odò gbẹ títí akàn fi ń wú eruku jáde nínú ihò rẹ̀. Ìwọ̀nba omi tó kù kò sì dúró lójú kan. Lónìí ó wà lẹ́yìn òkè. Lọ́la ó ti gbẹ, ẹlòmíràn yóò ní òun rí òmíràn nísàlẹ̀ àfonífojì. Ẹni tó mọ ọ̀nà lánàá lè kú sójú ọ̀nà lónìí.

Ìyá Òkété ló dá ọgbọ́n kan. Ẹ ṣáà mọ Òkété, kì í sọ nǹkan nù; ohun tó bá ti wọ ihò rẹ̀, ó wọ ibi ìpamọ́ nìyẹn. Ó pe gbogbo ẹranko jọ, ó fa okùn kan yọ.

"Ẹ wò ó. Ibi tí okùn bá dán, ẹ máa lọ tààrà. Kókó kan, ẹ yà sọ́tùn-ún. Kókó méjì, ẹ yà sósì. Ibi tí okùn bá parí sí, omi ni."

"Ta ni yóò máa mú un lọ?" Ehoro ló béèrè, ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀fúùfù.

"Kò sẹ́ni. Okùn Àgbà kò gbọdọ̀ kúrò nínú ihò mi. Kí oníkálukú wo ti inú ihò, kó lọ́ ẹ̀dà tirẹ̀, kó fi kọ́rùn. Ẹni tó bá rí ọ̀nà tó sàn jù, kó ta á sára ẹ̀dà rẹ̀, kó padà wá dúró lójú gbogbo wa, kó sọ ohun tó yí àti ìdí tó fi yí i. Bí a bá gbà, màá lọ́ Okùn Àgbà tuntun, màá sì fi àmì onítọ̀hún sójú kókó rẹ̀: irun rẹ̀ tàbí ìyẹ́ rẹ̀."

"Okùn ti àná ńkọ́?"

"Màá gbé e kọ́ sẹ́yìn ihò. A kì í gé okùn àná. Bí tòní bá ṣì wá lọ́nà, tàná ni yóò mú wa padà."

Ètò náà gún. Nígbà tí Awó mú ọ̀nà tuntun kan wá, tí ọ̀nà náà já sínú ẹrẹ̀, tí Àgbọ̀nrín rì dé orúnkún, ẹnikẹ́ni kò sọkún. Òkété wọ ihò, ó gbé okùn ìjẹta jáde, wọ́n bá a lọ, wọ́n sì mu omi.

Lọ́jọ́ kan, Ehoro àti Àgbọ̀nrín dé lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi ìrókò tó wó, Ehoro ta kókó kan. Níbẹ̀ gan-an, Àgbọ̀nrín ta méjì.

"Ọ̀tún ni!"

"Òsì ni, elétí gbọọrọ!"

"Ìwọ tó jẹ́ pé ìwo lo fi ń ríran?"

"Ó kúkú sàn ju ẹni tó ń sáré tí kò mọ ibi tó ń lọ."

Òkété kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ó ní, "Ẹ jọ lọ rìn ín. Ẹ má mú ẹnu méjì padà wá bá mi."

Wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n dé, ẹnu wọn ti di ọ̀kan, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Irun àwọn méjèèjì ni Òkété so pọ̀ sójú kókó náà.

Ìjàpá ń wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rín yẹn ló dùn ún. Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ti lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dá. Kò ní ẹni tí yóò bá jiyàn débi tí wọn yóò jọ rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo kókó tó wà lára Okùn Àgbà, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ tirẹ̀. Òun náà ń wá ọ̀nà o! Ṣùgbọ́n kó tó wọ́ délé, ẹlòmíràn ti sọ tirẹ̀ tán.

"Mo rí ọ̀nà kan," ó wí lọ́jọ́ náà.

"Níbo?"

"Níbi Òkúta Aláǹgbá. Àlàfo tóóró kan wà níbẹ̀ . . ."

"Háà, Ìjàpá! Ehoro ti mú ọ̀nà Òkúta Aláǹgbá wá láti àárọ̀."

"Tèmi yàtọ̀. Tèmi kúrú."

"Ká tiẹ̀ ní ó kúrú," Ehoro wí, "kí la fẹ́ so mọ́ ọn? Kò nírun, kò níyẹ̀ẹ́. Àbí ká so ìwọ alára mọ́ okùn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìjàpá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni pé àwàdà náà dùn mọ́ ọn. Ó fa orí wọlé. Nínú ìkarahun, ńṣe ni ẹ̀rín wọn ń dún bí ẹ̀rín ìlú òdìkejì. Nígbà tó yọrí jáde, wọ́n ti lọ. Orin tí wọ́n fi ń rìn ló ń gbọ́ lọ́ọ̀ọ́kán:

*Okùn ọ̀nà, mú wa débi omi,*
*Kókó kan, ẹsẹ̀ kan!*
*Má jẹ̀ẹ́ ká fẹnìkan sílẹ̀,*
*Kókó kan, ẹsẹ̀ kan!*

Ìjàpá bá wọn gbè é. Ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ó dáa," ó wí fún ara rẹ̀. "Bí gbogbo okùn yẹn bá bàjẹ́ ńkọ́? Tó wá jẹ́ pé inú orí Ìjàpá nìkan ni ọ̀nà omi kù sí? 'Bàbá Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ níwájú.' Èmi ni màá kọ́kọ́ mu. Bí mo bá ṣe ń rìn ni gbogbo wọn á sì máa rìn. Ehoro pàápàá. Wọ́ọ́rọ́wọ́!"

Lọ́jọ́ kẹta, ó gba ẹnu ihò lọ.

"Ìyá Òkété, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O ṣé, ọkọ Yánníbo."

"Ètè yín ti là, ìyá. Ìgbà wo lẹ mu omi gbẹ̀yìn?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Ta ni kí n fi ihò sílẹ̀ fún?"

"Èmi ńkọ́? Ẹni tí kò lè sáré, ṣé ó lè sá lọ ni?"

Òkété wò ó. Ó wò ó pẹ́. "Ìjàpá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Nípa okùn."

"Ẹ lọ mu omi ná, ìyá. Ọ̀rọ̀ kì í gbẹ."

Òkété lọ.

Ìjàpá wọlé. Ó gé okùn àná, ó gé ti ìjẹta, ó gé gbogbo èyí tó kọ́ sẹ́yìn ihò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó wá fa Okùn Àgbà sílẹ̀, ó fẹnu tu àmì ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun Ehoro, fù! Ìyẹ́ Awó, fù! Ó dé àárín okùn, nǹkan líle kan gbá a lẹ́nu. Èésan ni, èèpo èkùrọ́ kékeré kan, tí ẹnìkan fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ìdì kókó kan.

"Kí ni pàǹtírí yìí ń ṣe níbí?" Fù! Ó tu ú sínú òkùnkùn.

Ó wá ń tú kókó, ó ń ta òmíràn bó ṣe wù ú, ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, títí ọ̀nà ojú okùn náà fi yí po, tí ìrù rẹ̀ padà wá bá orí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo wọn pé. Òkété gbé Okùn Àgbà jáde. Ó pá bí orí igún.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ikán ni," Ìjàpá yára dáhùn. "Mo lé wọn títí."

"Ikán ló jẹ irun?"

"Ikán ni."

"Ikán ló jẹ ìyẹ́?"

"Ìyá, ebi ń pa wọ́n."

"Ikán náà ló wá jókòó, tó ta kókó tuntun?"

Ìjàpá yí ọ̀rọ̀ padà.   "Ẹ má ṣèyọnu! Mo mọ ọ̀nà. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ lé mi."

Ó dúró kí wọ́n bẹ òun. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wò ó. Òkété ti kọjú sí àwọn yòókù: "Ta ni ẹ̀dà tirẹ̀ ṣì wà lọ́rùn?"

Ehoro bọ́ tirẹ̀. Àgbọ̀nrín bọ́ tirẹ̀. Awó fò lọ sílé lọ mú èyí tó lọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí ẹ̀dà bá ti bára mu, Òkété a ta kókó sára okùn tuntun. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu, a béèrè èyí tó dé kẹ́yìn. Oòrùn kò tíì kanrí tí okùn fi padà di odidi, irun dé, ìyẹ́ dé. Ìjàpá ń wò. Kò rántí pé ohun tí òun gé nínú ihò wà láàyè lọ́rùn àwọn ẹlòmíràn. Báwo ni ì bá ṣe rántí? Ọrùn tirẹ̀ ṣófo. Kò lọ́ ẹ̀dà rí, nítorí kò sẹ́ni tó ní kó ká lọ.

"Ó pé," ni Àgbọ̀nrín wí.

"Kò pé," ni Òkété dáhùn. "Ó ku ìdì kókó kan. Ìjẹta ni mo ta á, ẹnikẹ́ni kò tíì lọ́ ẹ̀dà rẹ̀. Mo tọ ipa ẹsẹ̀ Ìjàpá nínú eruku dé Òkúta Aláǹgbá. Mo wọ àlàfo yẹn, mo já sójú ọ̀nà, mo sáré padà wá ṣọ́ ihò mi. Ọ̀nà Ehoro ló gùn. Ọ̀nà Ìjàpá ló kúrú. Kò nírun, kò níyẹ̀ẹ́, mo wá fi èésan ṣe àmì rẹ̀, nítorí pé ó le bí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ lánàá nìyẹn. Ó ní kí n lọ mu omi ná."

 Ehoro wolẹ̀.

Ahọ́n Ìjàpá rántí nǹkan líle yẹn.

"Afẹ́fẹ́ ti gbá ipa ẹsẹ̀ lọ," Òkété wí, "kọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí mo lè há sórí. Ìjàpá, ìwọ lo rí i. Wá ta á."

Ìjàpá wá síwájú. Ó di okùn mú. Kókó kan ni, àbí méjì? Èyí tó rí lójú ọ̀nà, àti èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ nínú ihò, wọ́n ti pò pọ̀ nínú orí rẹ̀ bí iyanrìn àti iyọ̀. Okùn Àgbà tí ì bá sọ fún un, òun ló tú u.

"Tẹ̀ lé wa," Òkété rọ̀ ọ́. "Mu omi ná."

"Ẹ máa lọ," ni Ìjàpá wí. "Màá lọ rìn ín. Màá mú un padà wá."

Ó gbé okùn pípá tó ti bà jẹ́ náà, ó lọ ní òun nìkan.

Ó wọ àlàfo Òkúta Aláǹgbá. Ibẹ̀ há débi pé òkúta ń ha ẹ̀yìn rẹ̀, kẹrẹkẹrẹ. Ó tú kókó kan wò, ó ta òmíràn, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì. Lójijì ó rí ipa ẹsẹ̀ nílẹ̀. "Ẹnìkan ti gba ibí kọjá!" Inú rẹ̀ dùn. Ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó bá a mu rẹ́gí.

Ó tún yí po. Òkúta tún ha á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin:

*Okùn ọ̀nà, mú wa débi omi . . .*

Ó dákẹ́, ó ń retí ègbè. Òkúta ló dá a lóhùn: *omi . . . omi . . .*

Bó ṣe ń yí po nìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohùn rẹ̀ ti ń há. *Má jẹ̀ẹ́ ká fẹnìkan sílẹ̀ . . .*

"Kókó kan, ẹsẹ̀ kan!"

Ó rò pé òkúta ni. Òkúta kì í sì í mọ ègbè. Ó tọ ohùn náà lọ, ó rí Òkété lẹ́nu àlàfo pẹ̀lú akèrègbè omi kékeré. Ìjàpá mu, ó mu, ó sinmi. Òkété ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí lẹ ń wò, ìyá?"

"Gbogbo ìgbà tí o ṣìnà. Ó wà níbẹ̀, ìlà nínú ìlà."

"Ẹ bá mi pa á rẹ́."

"Okùn ló ṣeé tú, Ìjàpá."

"Ẹ kà á fún mi nígbà náà."

Òkété tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wò ó títí. "Ó gùn," ó wí. "Mu omi ẹ."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tu èyí tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ jáde wàyí. Ẹ̀yìn Ìjàpá ni! Ìdí nìyẹn tí ìlà fi wà nínú ìlà lẹ́yìn rẹ̀ títí dòní, tí kò sì lè kà á. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, òun nìkan, tó na ọrùn, tó ń gbìyànjú láti bojú wẹ̀yìn, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹ bá a gbe orin.

Ibi tí okùn àlọ́ mi dé rèé, mo ta á ní kókó. Bí mo bá lọ́ irọ́ mọ́ ọn, kó tú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ fà á wò.

Ṣé ó tú?

Kò tú.