Ìdí Tí Ọkọ̀ Afakọ̀ Fi Ń So Táyà Mọ́ra

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ṣì ń kí ara wọn káàárọ̀, ara ọkọ̀ afakọ̀ ń dán ni, kò so nǹkan kan mọ́ra. Fàmọ́ra ni orúkọ rẹ̀. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá ti òkun dé, òun ló ń fi okùn fà á, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ tì í jẹ́jẹ́ títí dé èbúté.

Ogun wá dé. Ọkọ̀ Ogun, ọ̀gá gbogbo wọn, ní kí wọ́n kun Fàmọ́ra ní ọ̀dà aláwọ̀ eérú. Wọ́n gbé ìbọn ńlá lé e lórí.

"Láti òní lọ, ìwọ ni ọdẹ ẹnu òkun," ni Ọkọ̀ Ogun wí. "Ẹni tó bá ń kọjá, fọn fèrè sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá dáhùn, yìnbọn!"

"Ọ̀gá, bí kò bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ṣé gèlè ni mo wé fún ọ ni, àbí ìbọn?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bo omi. Fàmọ́ra rí òjìji kan tó ń bọ̀. Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Bó bá jẹ́ ọ̀tá ni, tó sì kọjá, gbogbo èbúté gbé. Bí kì í bá ṣe ọ̀tá ńkọ́?

Kò lè yìnbọn. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe: ó sún mọ́ ọn, ó fi ẹ̀gbẹ́ kàn án, kó lè mọ ẹni tó jẹ́.

Gbàà! Pákó là.

"Yéè! Ta ló ń fi irin gbá ìyá arúgbó?"

Ìyá Ìgbájá ni, ọkọ̀ onípákó tó ń kó ẹja. Kò ní fèrè. "Mo ń fi àjẹ̀ kan ara mi kọ̀, kọ̀, kọ̀! Ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ ni kò jẹ́ kí o gbọ́!"

Omi ti ń wọ inú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má rì." Fàmọ́ra ju okùn sí i, ó fà á títí dé èbúté.

Ọkọ̀ Ogun pariwo: "Ta ló ní kí o kúrò lẹ́nu iṣẹ́?"

"Ẹ gba ìbọn yín, ọ̀gá. Ẹ̀gbẹ́ lásán ni mo fi kan Ìyá Ìgbájá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kú. Kí ni ìbọn ì bá ṣe?"

Ọkọ̀ Ogun wo pákó tó là. Ó gba ìbọn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba Fàmọ́ra láti fara kan ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkọ̀ ńlá dúró sórí òkun, wọn ò lè wọlé. Nígbà tí wọ́n lẹ pákó Ìyá Ìgbájá tán, ó pe Lọ́rì tó wà létí omi.

"Ọmọ mi, fún Fàmọ́ra ní àwọn táyà rẹ tó ti gbó."

Wọ́n so wọ́n yí Fàmọ́ra ká.

"Ó yá, wá fara kàn mí."

Fàmọ́ra rọra sún mọ́ ọn. "Ṣé ó dùn yín, mà?"

"Rárá o. Bí ẹni gbórí lé ìrọ̀rí ni."

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ afakọ̀ ti ń so táyà mọ́ra, kí ó má baà pa ẹni tó ń ràn lọ́wọ́ lára.