Ọdẹ́jìmí Nínú Igbó Aláìsùn

Ẹ̀yin tí ẹ ya etí yín fún mi, ìtàn Ọdẹ́jìmí ni mo gbé wá, ọmọ ọdẹ Ayétòrò-Òkè, ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ààfin, tí itan rẹ̀ ki bí ìtì ìrókò. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí ó dé ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbá rọ́gíbì, bọ́ọ̀lù gbọọrọ tí à ń fi ọwọ́ gbé sáré. Iwájú ni wọ́n fi í sí, láàárín àwọn tí ń forí la ogun kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ eré tó rí ọ̀nà gbà. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni ó fi ń wó àwọn ọ̀tá lulẹ̀ bí àgbàrá ṣe ń wó ebè. Imú rẹ̀ kán lẹ́ẹ̀mejì, etí rẹ̀ ká bí ewé tí iná jó. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ fún un, ó fẹ̀yìn tì, ó sì padà wálé.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gba ilé. Bí ó bá jókòó, a dìde. Bí ó bá dìde, a máa yí ọgbà ká bí ẹṣin tí kòkòrò ń jẹ. Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Ṣijúadé, ta ní ń lé yín? Ẹ ti fi eré sílẹ̀ láti ọdún méjì, eré kò fi yín sílẹ̀."

"N kò mọ̀," ni ó wí. Irọ́ ni ó pa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó gbé ìbọn bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọrí sí Igbó Aláìsùn, nítorí àwọn ọdẹ ní iwin kan ń bẹ níbẹ̀ tí ń fún ènìyàn ní ìsinmi. Igi igbó náà kì í dúró sójú kan; odò rẹ̀ ń ṣàn lọ, ó ń ṣàn bọ̀, bí obìnrin tí ìrọbí mú. Lójijì, iwin náà dí ọ̀nà. Ó ga bí ọ̀pẹ, ojú mẹ́fà ló ní, kò sí ọ̀kan tí ń ṣẹ́jú. Dáhùn-kí-o-tó-kọjá ni orúkọ rẹ̀.

Ohun tí Ọdẹ́jìmí mọ̀ ni ó ṣe. Ó ju ìbọn sílẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ta mọ́ iwin. Gbìì! Ẹ̀yìn ni ó fi balẹ̀. Ó dìde, ó tún ta, ó tún balẹ̀. Iwin kò mira.

"Ọmọ ènìyàn," ni iwin wí, "ẹni mélòó ni o gbé ṣubú láyé rẹ?"

"Wọn kò lóǹkà, Baba."

"Orúkọ ta ni o rántí?"

Ọdẹ́jìmí bẹ̀rẹ̀ sí í ka ife ẹ̀yẹ tí ó gbà, ó ń sọ bí pápá ìṣeré ṣe hó yèè nítorí rẹ̀. Bí ó ti ń fọ́nnu ni ẹ̀gún ń hù yí i ká, títí ó fi dé àyà rẹ̀.

"Mo ní orúkọ ta ni?"

"Kélfìn," ni ó wí níkẹyìn. "Ọmọ ọdún méjìlélógún. Bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, Baba, mo sì rí i pé ó ti kúrò. Èèwọ̀ eré wa ni kí a kọ lu ẹni tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ló ń bí mi, nítorí ó ti gbà mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ lù ú látẹ̀yìn, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n ní èèṣì ni, èmi náà ní èèṣì ni. Ọdún mẹ́rin rèé, n kò béèrè bí ó ṣe wà."

"Aṣebi ló ń gbàgbé, ẹni a ṣe é sí kì í gbàgbé. Ìwọ kò tilẹ̀ gbàgbé, sísá ni ò ń sá. Ìsinmi tí o wá kò sí lọ́wọ́ mi, ọwọ́ Kélfìn ló wà. Ó lè fún ọ, ó lè má fún ọ. Ṣé ìwọ yóò lọ síbẹ̀?"

Ẹ̀rù tí kò ba Ọdẹ́jìmí rí níwájú àwọn òmìrán bà á lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ ó wí pé, "N ó lọ." Ẹ̀gún sì wó lulẹ̀.

Ó délé, ó jẹ́wọ́ fún Ìbídùnní, ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá Kélfìn ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un. Kélfìn wà lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́.

"Mo jẹ̀bi rẹ," ni Ọdẹ́jìmí wí. "Mo rí i pé bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ."

"Èmi náà mọ̀ pé o rí i," ni Kélfìn dáhùn. "N kò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n gbé mi sórí àga yẹn. Ẹ̀yìn ń dun ìyá mi."

Ọdẹ́jìmí bẹ̀rẹ̀, ó sì rọra gbé e bí ẹni gbé ìkòkò tí omi kún. Oṣù mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀, tí ó ń gbé Kélfìn láàárọ̀ lálẹ́, kí ó tó padà sílé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá ti ṣe ènìyàn níbi, ẹ tètè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èébú ni yóò fi pàdé yín. Kí Ọlọ́run fún wa ní ẹsẹ̀ tí a ó fi rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀.