Okùn Tó Di Géètì

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí ẹ bá dé Òkè-Àgbọn, ẹ má pa òwe yìí lójú Tíṣà Fágbèmí o. Ara a máa ta á.

Nígbà tí Ṣówándé, alága àdúgbò, ta okùn dí ọ̀nà, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá láìgbàṣẹ òun, Ìyá Dúródọlá, aládùúgbò Tíṣà, mú ọ̀bẹ jáde.

“Tíṣà, ẹ jẹ́ ká gé e. Bí ikọ́ bá gbé ìyàwó yín, ibo lẹ fẹ́ gbà?”

“Ẹ ní sùúrù, ìyá. A kì í fi wàdùwàdù ṣe nǹkan. Mo ti ń kọ lẹ́tà sí i. Lẹ́yìn ọdún, a ó jókòó yẹ̀ ẹ́ wò.”

Lẹ́tà náà dùn. Tíṣà fúnra rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ọdún tó dé, okùn ti di igi.

“Igi ti dé o! Àáké mi wà ńlẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí n tún òmíì kọ. Mo gbàgbé àmì ohùn lórí ti àkọ́kọ́.”

Nígbà tó fi kọ ìkarùn-ún, géètì onírin ti dúró, ọmọọ̀ta mẹ́rin ń ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ti ọsibítù dé, wọn ò ṣí géètì fún un.

“Ilé mi nìyẹn! Oògùn ìyàwó mi ló wà lọ́wọ́ mi yìí!”

Ṣówándé rẹ́rìn-ín lẹ́yìn géètì. “Ẹ kọ lẹ́tà.”

Tíṣà kúnlẹ̀, ó kọ ọ́ lórí itan. Ṣówándé ò kà á; ó ká a sápò.

“Ẹ ní sùúrù, Tíṣà. A kì í fi wàdùwàdù ṣe nǹkan. Lẹ́yìn ọdún, a ó jókòó yẹ̀ ẹ́ wò.”