Ìdí Tí Búrókéèdì Fi Ń Dojú Bolẹ̀ Lórí Òfì

Nígbà láéláé, nígbà tí ojú aṣọ ṣì ń wo òkè lórí òfì, ahunṣọ kan wà létí odò ńlá kan ní ilẹ̀ Íńdíà. Giridárì ni orúkọ rẹ̀. Búrókéèdì ló ń hun, aṣọ sẹ́dà tí wọ́n fi òwú wúrà ya àwòrán sí lára.

Ní ìlú náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ àwòrán ara aṣọ ìyàwó kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Bí ẹnìkan bá ti mọ̀ ọ́n, aṣọ náà di ti ọjà nìyẹn. Wọn a tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ẹyẹ ọ̀kín kò sì lè pa ẹnu mọ́. Orí igi òfì ló máa ń bà sí, á na ọrùn, á máa wo aṣọ Sáralà, ọmọbìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti súnmọ́lé.

"Òdòdó òṣíbàtà ló wà lára ti Sáralà," ló ń wí káàkiri. Aṣọ àkọ́kọ́ lọ sọ́jà.

"Èso máńgòrò ni wọ́n tún yà síbẹ̀." Èkejì tẹ̀ lé e.

Sáralà wá bá ahunṣọ, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "Bàbá, òwú wúrà tó ṣẹ́ kù kò ju ti aṣọ kan ṣoṣo lọ. Bí ẹyẹ yìí bá tún rí i, ṣé ìró tí mo fi ń dáná ni n ó ró lọ sílé ọkọ?"

"Búrókéèdì lo máa ró," ni Giridárì wí. "Ṣùgbọ́n èmi náà ò ní rí i."

Ó dojú aṣọ bolẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá kọjú sókè. Ọwọ́ ló fi ń wá ojú aṣọ nísàlẹ̀, bí ẹni ń wá ẹyin lábẹ́ adìẹ tó ń sàba.

Ọ̀kín dé, ó na ọrùn. Òwú wúruwùru ló rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí igi òfì.

"Bàbá, ṣé aṣọ rèé ni, àbí ewúrẹ́ tí òjò pa?"

"Ojú ẹ náà ló rí i," ni Giridárì dáhùn, ó ń hun aṣọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀kín fò káàkiri ìlú. "Ẹ bá mi káàánú Sáralà. Irun ewúrẹ́ ló fẹ́ ró lọ sílé ọkọ."

Sáralà gbọ́. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọjú wo aṣọ náà.

Ọjọ́ pé. Gbogbo ìlú ti fọwọ́ bo ẹnu de ẹ̀rín. Giridárì gbé aṣọ jáde. Ó yí i padà.

Oòrùn kọlu wúrà, aṣọ tàn yòò. Ọ̀kín kéékèèké ló kún ara rẹ̀, gbogbo wọn na ọrùn, wọ́n ń yọjú.

"Bàbá, ọwọ́ yín mà dára o," ni Sáralà wí, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

"Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni."

Ọ̀kín han gooro lórí òrùlé. Igbe yẹn kò kúrò lọ́fun rẹ̀ mọ́ dòní.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń dojú búrókéèdì bolẹ̀ lórí òfì, láti ọjọ́ náà sì ni kò ti gbó lójú ènìyàn. Ọmọ òde òní á ṣí àpótí ìyá àgbà rẹ̀, á rí òwú wúruwùru, á yínmú: "Èyí náà laṣọ?" Á yí i padà. Á han gooro bí ọ̀kín, á sì gbé e sáré lọ bá télọ̀ kó fi rán jákẹ́ẹ̀tì tí òun máa wọ̀ lé ṣòkòtò jíǹsì.